Ìrántí Àfarahàn nínú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: Orúkọ Rẹ̀, Ìṣiṣẹ́ Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ fún Àtúnṣe Fọ́tò

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mu, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ohun èlò kan lórúkọ láìtíì wo bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò fún un ní orúkọ tí yóò ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Láti ìgbà tí apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1990 lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, àwọn olùkọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá ti Gẹ̀ẹ́sì lò. Iṣẹ́ púpọ̀ ṣì kù láti ṣe lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà.

Ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ohun náà ni ètò tí ń mú kí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹrù tí ó tóbi ju àyè tí ó ní lọ. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn tí ó kọjá sí Agbowó, tàbí tí ó bá rìn ní Bódìjà, ní Dùgbẹ̀, ní Ring Road àti ní Challenge, yóò rí àwọn tí ń fi fọ́tò jẹun: fọ́tò pélébé fún ìwé àṣẹ ìrìnnà, fọ́tò ìgbéyàwó, àti àwòrán gbàgede fún ìsìnkú àgbà. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn fi ń tún fọ́tò ṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín, ìmọ̀ràn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí wọ́n lọ fi kún ètò yìí. Ẹlòmíràn a fi kún un, iṣẹ́ a sì tún falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọwọ́ ẹni náà kọ́ ni ó ṣì. Orúkọ tí ó gbọ́ ni kò sọ ohun tí ó wà nínú ilé fún un.

2. Fọ́tò gẹ́gẹ́ bí ẹrù

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Kámẹ́rà kan wà tí fọ́tò rẹ̀ ní píkísẹ̀lì 6,000 ní ìbú àti 4,000 ní òró. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di púpọ̀, ó di píkísẹ̀lì mílíọ̀nù 24. Píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta, èyíinì ni pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù; àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì kan, ó kéré tán. Nípa bẹ́ẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo yóò gba báìtì mílíọ̀nù 72, tí í ṣe mẹ́gábáìtì 72. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ múná sí i, tí ó sì fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní báìtì méjì, ó di mẹ́gábáìtì 144.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á wo fọ́tò náà nínú dísìkì, wọ́n á rí i pé kò ju mẹ́gábáìtì mẹ́wàá lọ, wọn á sì ní kí ni ó wúwo nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ ẹrù tí wọ́n ti dì mọ́ra bí aṣọ inú àpótí. Nígbà tí ètò àtúnṣe fọ́tò bá ṣí i, yóò tú u sílẹ̀ pátápátá, gbogbo píkísẹ̀lì yóò sì gba àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpele yóò wá. Ẹni tí ó ń to fọ́tò ìyàwó, ti ọkọ, òdòdó àti orúkọ lé ara wọn lè lo ìpele mẹ́wàá. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá kún fọ́tò náà dé etí ní báìtì méjì fún àwọ̀ kan, ó di mẹ́gábáìtì 1,440, tí ó ju gígábáìtì kan lọ dáadáa. Ètò náà sì tún ń tọ́jú ìgbésẹ̀ tí oníṣẹ́ ti gbé kọjá, kí ó lè padà sẹ́yìn bí ó bá ṣe àṣìṣe. Ìgbésẹ̀ 50 ni Photoshop ń tọ́jú bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìgbésẹ̀ tí ó bá sì kan gbogbo fọ́tò yóò gba àyè púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ní gígábáìtì mẹ́rin, tí ètò ìṣàkóso rẹ̀ àti àwọn ètò mìíràn ti jókòó sínú rẹ̀, yóò tètè kún.

3. Ìsọ̀, sìtóò àti aláàárù

Ọjà Bódìjà lè fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí hàn. Obìnrin kan ní ìsọ̀ níbẹ̀, ó ń ta ẹ̀wà, gààrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Ìsọ̀ rẹ̀ kò gbà ju àpò mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún àpò ni ó ní nínú sìtóò tí ó wà lẹ́yìn ọjà. Ó ní aláàárù kan, ó sì ní ìwé kan tí ó ń kọ ibi tí àpò kọ̀ọ̀kan wà sí. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí ó wà lórí ìsọ̀, kíá ni yóò wọ̀n ọ́n fún un. Bí ohun náà kò bá sí lórí ìsọ̀, aláàárù á sáré lọ sí sìtóò. Bí ìsọ̀ bá ti kún, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ gbé àpò kan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti àárọ̀ padà, kí ó tó gbé tuntun dé. Lójú oníbàárà, ọgọ́rùn-ún àpò ni ìyá yìí ní, ó sì ń rí ohun tí ó béèrè gbà. Ìdúró díẹ̀ nìkan ni ó ń fi hàn án pé kì í ṣe gbogbo ọjà ni ó wà níwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Ìrántí ojúlówó ni ìsọ̀. Dísìkì ni sìtóò. Ètò ìṣàkóso, bíi Windows, ni ó ń ṣe aláàárù tí ó sì ń tọ́jú ìwé. Àpò tí wọ́n ń gbé kì í tóbi ju ara wọn lọ: báìtì 4,096 ni ó wọ́pọ̀ jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojúùwé ni wọ́n sì ń pè é. Ètò àtúnṣe fọ́tò ni oníbàárà. Ibì kan ni àfiwé yìí kò ti péye: ẹ̀dà ni aláàárù inú kọ̀ǹpútà máa ń gbé wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ohun tí ó wà nínú ojúùwé kan padà, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní dísìkì, kò sí ìdí láti tún gbé e lọ. Wọ́n kàn ń pa á rẹ́ lórí ìsọ̀ ni.

Ìrìn aláàárù yìí ni gbogbo ọ̀ràn wà. Láti mú nǹkan nínú ìrántí ojúlówó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Láti mú un nínú dísìkì ayípo, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí ohun náà wà, ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 100,000. Bí mímú láti orí ìsọ̀ bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìrìn lọ sí sìtóò yóò gba ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́ta ó lé. Dísìkì tuntun tí kì í yí sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlọ́po 1,000 ni tirẹ̀, èyí tí yóò di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún nínú àfiwé kan náà. Síbẹ̀, ìsọ̀ ṣì yá jù ú lọ fíìfíì.

Nígbà tí ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà bá ju ohun tí ìsọ̀ lè gbà lọ, aláàárù kò ní sinmi mọ́. Àpò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ ni wọn yóò tún béèrè. Gbogbo ọjọ́ yóò tán sí orí ìrìn, ọjà kò sì ní tà. Ní 1968 ni Peter Denning, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé àrùn yìí àti ohun tí ń fà á: ètò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ojúùwé kan tí ó ń lò lọ́wọ́, bí ìwọ̀n yìí kò bá sì wọ inú ìrántí ojúlówó, iṣẹ́ yóò dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ń kùn.

4. Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá

Ní 1962, ọdún kan náà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 di Yunifásítì tí ó dá dúró fúnra rẹ̀, ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Atlas ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tom Kilburn ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ìrántí ojúlówó rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ 16,384 lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ṣe é gbówó lórí. Ìlù oníràn-án mágnẹ́ẹ̀tì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ 98,304. Ṣáájú ìgbà yìí, ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò bí nǹkan yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín méjèèjì. Atlas gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pín gbogbo rẹ̀ sí ojúùwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀-ẹ̀rọ 512, ó sì fi méjèèjì hàn fún ètò bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Àká alákòdì kan ni orúkọ tí àwọn tí ó ṣe é fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí. Nígbà tí IBM mú irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ inú àwọn ẹ̀rọ System/370 rẹ̀ ní 1972, ó tàn káàkiri.

Ìtàn yìí wúlò fún onítumọ̀. Ó fi hàn pé kì í ṣe láti mú ẹ̀rọ yára ni wọ́n fi dá ètò náà sílẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí iṣẹ́ tí ó tóbi lè ṣeé ṣe nínú ẹ̀rọ tí ó kéré, kí òǹkọ̀wé ètò sì bọ́ lọ́wọ́ ìnira.

5. Orúkọ a máa ro ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ fún àyè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ìrántí. Àwọn kan lè fara mọ́ iyè, nítorí pé iyè ni Yorùbá máa ń sọ pé ó ń sọ tàbí pé ó ra. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ni iyè, kò sì rọrùn láti sọ pé ẹnì kan lọ ra iyè ní ọjà. Ìrántí pàápàá kò ṣàìní àbùkù tirẹ̀: ìrántí ojúlówó kọ̀ǹpútà a máa gbàgbé ohun gbogbo bí iná bá ti lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́, ó sàn kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n sì máa fi àlàyé yìí tì í lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí yóò tẹ̀lé e ni ó le. Ọ̀nà mẹ́ta ni onítumọ̀ lè gbà. Èkíní ni ìrántí èké. Èyí kò dára, nítorí pé kò sí irọ́ nínú ohun tí ètò ń rí gbà. Ọjà tí aláàárù gbé wá, ọjà gidi ni. Èkejì ni ìrántí àfikún. Òun ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, òun náà ni ó sì ń ṣe jàǹbá jù lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ àfikún yóò rò pé ìsọ̀ ni wọ́n fi kún. Yóò wá máa fi gígábáìtì lé gígábáìtì, láìmọ̀ pé sìtóò ni òun ń mú tóbi, pé sìtóò ńlá kì í sì í mú ẹsẹ̀ aláàárù yá. Ẹ̀kẹta ni ìrántí àfarahàn. Ohun tí ó farahàn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe àfikún. Bí gbogbo àyè náà ṣe hàn sí ètò ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, yálà orí ìsọ̀ ni ohun náà wà tàbí inú sìtóò. Èyí ni ó bá ìṣiṣẹ́ rẹ̀ mu jù.

Ó tún yẹ kí wọ́n ya odindi ètò sọ́tọ̀ kúrò lára apá rẹ̀ kan. Fáìlì tí Windows ń tọ́jú sínú dísìkì fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìrántí àfarahàn fúnra rẹ̀. Sìtóò lásán ni. Fáìlì ìpààrọ̀ ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Ojú ìwé ìṣètò Windows pàápàá pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, èyí sì wà lára ohun tí ń dàrú mọ́ àwọn oníṣẹ́ lójú. Bákan náà, nígbà tí ètò bá béèrè ojúùwé tí kò sí lórí ìsọ̀, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà fara jọ àṣìṣe. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí àṣìṣe ojúùwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ohun tí ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ìpè ojúùwé ni ó tọ̀nà.

6. Bí oníṣẹ́ fọ́tò ṣe lè tò ó

Bí òye orúkọ bá ti tọ́, ìṣètò kò le mọ́. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn.

(i) Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè ni ó dín. Photoshop ní òǹkà kan ní ìsàlẹ̀ fọ́tò tí ó ń jẹ́ Efficiency. Bí ó bá wà ní 100, aláàárù kò rìn. Ohun mìíràn ni ó ń fa ìfàsẹ́yìn. Bí ó bá ti já wálẹ̀ kúrò ní 100, ètò náà ti ń lo dísìkì.

(ii) Kí ó dín ẹrù kù. Kí ó pa àwọn ètò tí kò lò, pàápàá ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣí sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Kí ó pa àwọn ìpele tí ó ti parí pọ̀ di ọ̀kan, kí ó sì dín ìgbésẹ̀ tí ètò ń tọ́jú kù. Fọ́tò tí wọn yóò tẹ̀ sórí pépà A4 kò nílò ju píkísẹ̀lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òró lọ fún ìtẹ̀wé dáradára. Ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 26 péré.

(iii) Kí ó pín ìrántí ojúlówó bí ó ti tọ́. Photoshop máa ń gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ó bá wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di 100 kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ètò ìṣàkóso, aláàárù yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní ibi tí kò yẹ kí ó ti rìn.

(iv) Kí ó fi fáìlì ìpààrọ̀ sílẹ̀ fún Windows láti máa bójú tó. Bí ó bá di dandan kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, yóò rí i lábẹ́ System, ní apá Performance, níbi tí wọn yóò ti béèrè ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n òpin ní mẹ́gábáìtì. Dísìkì tí ó yára jù, tí ó sì ní àyè tí ó tó, ni kí fáìlì náà wà.

(v) Kí ó yan dísìkì ìgbà díẹ̀ fún ètò àtúnṣe. Photoshop àti GIMP ní sìtóò tiwọn tí ó yàtọ̀ sí ti Windows. Bí kọ̀ǹpútà bá ní dísìkì méjì tí wọ́n yára, kí sìtóò méjèèjì má ṣe wà lórí dísìkì kan náà, kí aláàárù méjì má bàa máa fi èjìká gbá ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo.

(vi) Bí gbogbo èyí kò bá tó, kí ó ra ìrántí ojúlówó kún un. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan ni ó ń mú ìsọ̀ gbòòrò.

7. Àṣìlóye mẹ́ta

Èkíní ni òfin àtijọ́ tí ó ní kí fáìlì ìpààrọ̀ jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìrántí ojúlówó. Nígbà tí ìrántí ṣọ̀wọ́n ni òfin yìí wáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ lé e lónìí, ẹni tí ó ní gígábáìtì 16 ni yóò ya 24 sọ́tọ̀, ẹni tí ó ní mẹ́rin yóò sì ya mẹ́fà péré. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kéré ni ó nílò sìtóò jù.

Èkejì ni ti àwọn tí ń pa fáìlì ìpààrọ̀ rẹ́ pátápátá, kí ẹ̀rọ lè yá. Lóòótọ́, aláàárù kò ní í rí ibi gbé ẹrù iṣẹ́ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí fọ́tò bá tóbi ju ìsọ̀ lọ, ètò náà lè ti ara rẹ̀ pa lójijì, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni ó kan Ìbàdàn jù. Àwọn kan rò pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ti wà nínú dísìkì, iná ìbáà lọ, iṣẹ́ yóò wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ó ń sọ ibi tí ojúùwé kọ̀ọ̀kan wà ń bá iná lọ, ohun tí ó sì ṣẹ́ kù sínú fáìlì ìpààrọ̀ dà bí àpò tí kò ní orúkọ olówó lára. Ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀ àti àkójọ ìperí

Àwọn ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí mú wá fún àyẹ̀wò àwọn olùkọ́ àti àwọn onítumọ̀ nìwọ̀nyí:

Ìrántí ojúlówó: àyè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń ṣófo nígbà tí iná bá lọ.
Ìrántí àfarahàn: gbogbo àyè bí ó ṣe hàn sí ètò, níbi yòówù kí ohun inú rẹ̀ wà.
Ojúùwé: ìwọ̀n kan náà tí wọ́n pín ìrántí sí.
Ìwé atọ́ka ojúùwé: àkọsílẹ̀ ibi tí ojúùwé kọ̀ọ̀kan wà.
Ìpè ojúùwé: bíbéèrè ojúùwé tí kò sí nínú ìrántí ojúlówó.
Fáìlì ìpààrọ̀: àyè inú dísìkì tí ètò ìṣàkóso ń gbé ojúùwé lọ.
Dísìkì ìgbà díẹ̀: àyè inú dísìkì tí ètò àtúnṣe ń lò fúnra rẹ̀.
Ojúùwé àmúlò: àwọn ojúùwé tí ètò ń lò lọ́wọ́.
Àlọ-àbọ̀ òfo: ìrìn ojúùwé tí ó pọ̀ débi pé iṣẹ́ dúró.

Kì í ṣe pé kí Yorùbá lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni ìperí fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń ṣe fọ́tò ní Agbowó, tí ó mọ̀ pé sìtóò yàtọ̀ sí ìsọ̀, kò ní í ná owó rẹ̀ sí ibi tí kò ti lè rí èrè. Bí olùkọ́ bá fi orúkọ tí ó tọ́ lé e lọ́wọ́, ó ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.